Ẹ̀jẹ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ tó le

Mo ti ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ orúnkún dídùn àwọn àgbàlagbà la máa sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ló mú mi yí ọ̀rọ̀ padà.

Mo ń jáde níbi iṣẹ́ ni obìnrin kan sáré tọ̀ mí wá lẹ́nu géètì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní òun máa ń ka ohun tí mò ń kọ. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì, ọkọ mi bi ẹ̀jẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ wọn ló le. Wọ́n tọ́jú wọn, ẹ̀jẹ̀ ti dúró, ara wọn ti yá, wọ́n ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣé wọ́n lè fi oògùn yẹn sílẹ̀ báyìí? Oní-kẹ́míìsì àdúgbò wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ẹ̀yin ará, àyà mi já. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, mi ò sì tètè lè fọhùn. Gbólóhùn tó sọ yẹn, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, mo ti gbọ́ ọ rí nínú ilé ọkọ mi. Ẹni tó sọ ọ́ nígbà náà ti di olóògbé.

Mi ò sọ ìtàn yìí nínú ìwé ìròyìn yìí rí, nítorí ìtìjú wà nínú rẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, tí ọkọ obìnrin yẹn tàbí ti ẹlòmíràn lọ bá a lọ, kí ni mo wá ń kọ̀wé sí?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mò ń sọ. Bọ̀dá wa ni gbogbo àwa ìyàwó ilé ń pè wọ́n. Dẹ́rẹ́bà ni wọ́n, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin ni wọ́n ń ná. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ọ̀nà dé, wọn ò ní wọlé lọ́wọ́ òfo fáwọn ọmọ. Wọn kì í mu bíà, wọn kì í fa sìgá. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní, "Èmi kì í mutí o, Ìyàwó. Agbo jẹ̀dí lásán ni mò ń mu."

Agbo jẹ̀dí tí wọ́n ń wí yìí, paraga ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Kò sí gáréèjì tí ẹ ò ti ní rí obìnrin tó to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì, tí egbò àti èèpo igi wà nínú rẹ̀. Ife kékeré kan láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, ife kan nígbà tí wọ́n bá dé Ìlọrin, ife kan lálẹ́ kí ara lè balẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ọtí líle ni wọ́n fi rẹ egbò yẹn. Ẹni tó ń mu paraga lójoojúmọ́, ọtí ló ń mu lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ ń pè é ní oògùn.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2016, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n pè wá pé ká máa bọ̀ kíákíá. Nígbà tí a dé ilé Bọ̀dá wa, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe pé ó ta sílẹ̀ díẹ̀. Ó kún ìdajì báfù. Bọ̀dá wa jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, òógùn tútù bò wọ́n. Àwọn aládùúgbò ti kún yàrá, gbogbo wọn ló sì ń sọ ohun kan náà: "Májèlé ni! Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ ní gáréèjì!" Ẹnì kan ti gbé igo epo pupa wá, ó fẹ́ rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣe iṣẹ́ mi. Mo gba epo lọ́wọ́ onítọ̀hún, mo ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀ kí èébì má baà gba ọ̀nà òdì lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọkọ mi gbé mọ́tò, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n ní kámẹ́rà tí wọ́n fi ń wo inú èèyàn níbẹ̀. Wọ́n fún wọn lẹ́jẹ̀, wọ́n fún wọn lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fi kámẹ́rà kékeré tó wà lẹ́nu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹnu wọlé, wọ́n rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, wọ́n dè é. Lọ́jọ́ kẹrin ni àbájáde àyẹ̀wò jáde. Kò sí májèlé kankan. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì jọ pé láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Kòkòrò yẹn ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, paraga sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀ wọn ti le.

Dókítà tó ṣàlàyé fún Bọ̀dá wa lọ́jọ́ náà gbọ́n, nítorí ó bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bí awakọ̀. Mo wà níbẹ̀, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọ̀nà ńlá kan ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ń gbà wọ inú ẹ̀dọ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń gba márosẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń rọ̀, ẹ̀jẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí àìsàn ti bá jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àpá ló kún inú rẹ̀, ó ti le gbagidi, ẹ̀jẹ̀ ò wá rọ́nà gbà. Bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá wà ní márosẹ̀, kí lẹ̀yin dẹ́rẹ́bà máa ń ṣe?"

Bọ̀dá wa ní, "À á yà gba inú ìgbẹ́ ni."

Dókítà ní, "Ohun tí ẹ̀jẹ̀ yín náà ṣe nìyẹn. Ó yà gba àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun àti lókè àpòlúkù. Afárá onípákó ni àwọn iṣan yẹn, wọn ò kọ́ wọn fún tírélà. Wọ́n á máa wú, ara wọn á máa fẹ́lẹ́ sí i, lọ́jọ́ kan, afárá á já."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò tíì rí àlàyé tó dára ju ìyẹn lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, iṣan tó wú yẹn kì í dun èèyàn. Ẹni tó ní in lè máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa wakọ̀ lọ sí Ìlọrin, kó má mọ nǹkan kan títí di alẹ́ ọjọ́ tí yóò bẹ́. Èkejì, ẹ̀dọ̀ yìí kan náà ló ń pèsè púpọ̀ nínú ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà bí iṣan bá bẹ́ lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le, dídúró ẹ̀jẹ̀ náà máa ń ṣòro. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, nǹkan bí 50 ni iṣan ọ̀nà ọ̀fun wọn ti wú. Nígbà tó bá sì bẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú tó wà láyé òde òní, nǹkan bí 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ẹni tí Ọlọ́run bá yọ nínú ìyẹn, ṣé ó ti bọ́? Rárá o. Ibí yìí ni ẹ ti gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí mi dáadáa. Ìdí tí afárá fi já kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ṣì le, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá ọ̀nà. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wọn dúró, bí 60 ló tún máa ń bi ẹ̀jẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dúró ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dá Bọ̀dá wa sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nǹkan méjì ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́. Èkíní ni ọjọ́ tí wọ́n máa padà wá kí wọ́n tún fi kámẹ́rà wo ọ̀nà ọ̀fun, kí wọ́n sì de àwọn iṣan tó kù. Rọ́bà kékeré ni wọ́n ń fi dè é, bí èyí tí a fi ń di irun ọmọdé. Iṣan tí wọ́n bá dè á gbẹ, á sì já kúrò fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn ni wọ́n máa ń dè é títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán.

Èkejì ni oògùn tó ń jẹ́ propranolol. Òótọ́ ni oní-kẹ́míìsì sọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n oògùn kan lè ní iṣẹ́ méjì, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé iṣu tó sì ń gé ẹran. Oògùn yìí máa ń dẹ ìlù ọkàn, ó sì máa ń fún àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ìfun, kí ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ wá síbi ẹ̀dọ̀ lè dín kù. Ká padà sórí ọ̀rọ̀ dókítà wa: ó ń dín iye ọkọ̀ tó ń wọ márosẹ̀ kù, kí afárá onípákó lè sinmi. Kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1981 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ti fi hàn pé ó ń dènà kí ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ le má tún ṣẹ̀jẹ̀ mọ́. Lóde òní, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ carvedilol ni ọ̀pọ̀ dókítà kọ́kọ́ ń fún ẹni tí iṣan rẹ̀ kò tíì bẹ́ rárá. Oògùn méjèèjì kò wọ́n.

Bọ̀dá wa lo oògùn yẹn fún oṣù mẹ́ta. Ara wọn yá. Wọ́n padà sọ́nà. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn láti padà lọ de iṣan kọjá, wọ́n ní ọkọ̀ wà níṣẹ́. Lóṣù kejìlá, mo lọ kí wọn, mo sì béèrè oògùn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo lọ wọn BP ní kẹ́míìsì, wọ́n ní ó dára bíi tọmọdé. Wọ́n ní kí ló dé tí mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti dá a dúró."

Mo ní, "Bọ̀dá, dókítà ló ní kí ẹ máa lò ó o."

Wọ́n ní, "Ṣé dókítà mọ ara mi jù mí lọ ni?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo lọ bá ìyàwó wọn ro àmàlà.

Ìtìjú mi nìyẹn. Mo ti gba dípúlọ́mà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Mo mọ ohun tí oògùn yẹn wà fún. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ni mí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní ìwé tí mo kà ń gùn mí. Mi ò sọ fún ọkọ mi pàápàá. Mo rò pé màá tún sọ ọ́ nígbà mìíràn.

Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n. Wọ́n lọ gún abẹ́rẹ́ diclofenac ní kẹ́míìsì, wọ́n sì ń lo oògùn ara ríro ẹlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní aspirin. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé àwọn oògùn wọ̀nyí léwu púpọ̀ fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le. Fún ọjọ́ méjì, ìgbẹ́ wọn dúdú, ó ń dán, ó sì ń lẹ̀ bíi kóólútà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn pé ẹ̀fọ́ tí àwọn jẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀yin ará. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú àpòlúkù gba ìfun kọjá, dúdú ló máa ń jáde. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n bi ẹ̀jẹ̀.

Èmi àti ọkọ mi kò sí nílé, a ti lọ sí Abẹ́òkúta fún ìgbéyàwó. Àwọn tó wà nílé ní wọ́n ti tún fún wọn ní májèlé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pọ májèlé. Nǹkan bí wákàtí márùn-ún ni wọ́n lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ojú ti lọ.

Ó ku ibì kan tó burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kan wà tí Bọ̀dá wa ní ní gáréèjì, òun ni wọ́n jọ jẹun lọ́jọ́ náà. Òun ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn. Wọn ò jẹ́ kó wá síbi ìsìnkú. Àwọn ọmọ Bọ̀dá wa lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà bí olè. Ọkùnrin náà sunkún lọ sílé. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó pa Bọ̀dá wa, mo sì dákẹ́ fún ọjọ́ méje.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àáfà ti lọ tán, mo kúnlẹ̀ láàárín ẹbí. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe májèlé." Mo sọ ti ẹ̀dọ̀, mo sọ ti oògùn, mo sọ pé mo mọ̀ pé wọ́n ti dá a dúró, mi ò sì pariwo. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kan bú mi gidigidi, ó sì tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ mi dìde, wọ́n ní, "Ẹ lọ pe ọ̀rẹ́ ọmọ mi wá." Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni a bẹ ọkùnrin náà.

Mo tún wá sọ ohun kan fún wọn lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kòkòrò yìí, bí ó bá wà lára ẹnì kan nínú ọmọ ìyá, ó lè wà lára àwọn yòókù. Ara ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kó o nígbà ìbí, tàbí kí wọ́n kó o lára ara wọn ní kékeré. Nínú ọgọ́rùn-ún ìkókó tó bá kó o nígbà ìbí, ó máa ń dúró sára bí 90. Àwọn ọmọ ìyá márùn-ún tó kù lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó wà lára méjì. Ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ kò tíì le, a dúpẹ́, wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ìkejì ni àbúrò wọn pátápátá, télọ̀ ni. Kò ṣàìsàn rí, kò sì mu ọtí rí. Ẹ̀dọ̀ tirẹ̀ ti le. Wọ́n fi kámẹ́rà wò ó, iṣan ọ̀nà ọ̀fun ti wú, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ́. Wọ́n fi sórí carvedilol àti oògùn tó ń pa agbára kòkòrò náà. Láti ọdún 2017 yẹn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò bi ẹ̀jẹ̀ rí. Òun ló rán aṣọ tí mo wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lónìí.

Ìyàtọ̀ àárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Àìsàn kan náà ni, ìyá kan náà ló bí wọn. Ọ̀kan dúró di ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ wá, ọ̀kan tọ́jú afárá kó tó já.

Ó yá, kí ni kí ẹ ṣe? Bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé ẹ̀dọ̀ ẹnì kan nínú ilé yín ti le, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi dókítà ni pé, "Ṣé ẹ ti wo ọ̀nà ọ̀fun wọn?" Àwọn kan wà tí àyẹ̀wò líle ẹ̀dọ̀ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn pé wọn ò tíì nílò kámẹ́rà, dókítà ló máa sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè. Bí wọ́n bá ní ẹ máa padà wá de iṣan, ẹ padà lọ, kódà bí ara bá yá bíi ti ẹṣin. Oúnjẹ tó rọ̀, bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò jóni, ni kí ẹ fi ṣe ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é. Ó ń náni lówó, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ẹbí wa fi ra màlúù àti aṣọ ẹbí fún fídáù Bọ̀dá wa, ó tó láti de iṣan wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A dá owó yẹn láìjanpata. Ẹ jẹ́ ká máa dá a nígbà tí èèyàn ṣì wà láàyè.

Bí wọ́n bá fún yín ní propranolol tàbí carvedilol, ẹ má fi í sílẹ̀ fúnra yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ BP yọ yín kúrò lórí rẹ̀. Dídá a dúró lójijì léwu fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní ikọ́ ségesège tí a ń pè ní asthma gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, nítorí kò bá a lára mu. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ọkàn yín bá ń lù díẹ̀díẹ̀ jù, bí inú bá ń wú tàbí tí ìtọ̀ ń dín kù, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, ó lè dín in kù tàbí kó yí i padà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dá a dúró. Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dára tó láti lo oògùn yìí, dídè iṣan wà.

Oògùn ọgbẹ́ inú tí gbogbo wa ń pè ní ọ́sà, bíi omeprazole, kò lè dá iṣan yìí dúró. Bí oní-kẹ́míìsì bá ní ọ́sà ni, tí ó sì jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, ọjọ́ ni ẹ ń fi ṣòfò.

Ọtí gbọ́dọ̀ tán pátápátá: bíà, ògógóró, ẹmu, paraga, àti gbogbo agbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Àgbo olómi tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà, ẹ jìnnà sí i, torí ẹ̀dọ̀ tó ti rẹ̀ ni ẹ ń gbé ẹrù lé. Ẹ má lo aspirin, ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam fún ara ríro. Paracetamol ló sàn jù, ṣùgbọ́n kó má ju hóró mẹ́rin onímílígíráàmù 500 lọ lóòjọ́, lẹ́yìn tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i.

Ẹni tí kòkòrò hepatitis B ló ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ nílò oògùn tí yóò ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, bíi tenofovir. Àwọn kan sá fún un nítorí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ń lò ó fún àwọn tó ní kòkòrò HIV. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Ẹ lo oògùn yín, ẹ jẹ́ kí aláheso máa sọ ti ẹnu rẹ̀.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bíi kóólútà, bí èèyàn bá bi ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó dà bí ìdí kọfí, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó ń sọ kántankàntan, ilé ìwòsàn tó ní kámẹ́rà ni ẹ gba lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gbé e dùbúlẹ̀. Ẹ má fún un lépo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu. Kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún dókítà jẹ́ pé, "Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló ní," torí abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n máa ń tètè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú oògùn tó ń pa kòkòrò. Kí méjì nínú ẹbí tẹ̀lé e lọ fún ẹ̀jẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ara yín dá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B. Kò gba àkókò. Bí kò bá sí lára yín, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni láàárín oṣù mẹ́fà. Ọdún 2004 ni ilẹ̀ wa fi abẹ́rẹ́ yìí sínú àwọn tí à ń fún ọmọ ọwọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti dàgbà kò gbà á. Aláboyún, ẹ rí i pé wọ́n fún ìkókó yín ní tirẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí ẹ bá bímọ. Ibẹ̀ ni ìdènà ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Obìnrin tó dá mi dúró lẹ́nu géètì ń kọ́? Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní kó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, mo sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú, lórí ìdúró. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ ní BP òun dára. Mo sọ ti Bọ̀dá wa fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Nọ́ọ̀sì, oògùn náà ṣì ku hóró mẹ́fà. Màá lò ó lálẹ́ yìí, màá sì lọ gba òmíràn lọ́la."

Ìyàwó ilé tó ń kà mí, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí ó bá gba ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Bí wọ́n bá bú yín, èébú kì í pààyàn.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ orúnkún tí mo ṣèlérí. Kí Ẹlẹ́dàá má jẹ́ ká rí àìsàn tí apá kò ní ká. Ó dìgbà.